Ìyá Àgbà àti Iná Tí Kò Lẹ́èéfín

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ọ̀rọ̀ àwọn tó wá kí wa kò ṣọ̀kan nípa rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá tó ń fi ọ̀rọ̀ iná dá gbogbo àdúgbò lágara ti lọ sinmi. Àwọn kan ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣebí òun náà ló gbé ọmọ tuntun jáde síta nígbà tí wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń bu omi fún wọn mu. Mi ò dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ kì í yọ lẹ́nu mi níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo lọ sílé ẹ̀kọ́ ìjọ fún ọdún díẹ̀, mo sì mọ̀wé kọ níwọ̀nba. Ohun tí mi ò lè sọ lójú wọn ni mò ń kọ síhìn-ín. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan láìgbọ́ èkejì kò tíì mọ̀ ọ́n.

Òun ló bí bàbá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, ní Ṣakí, nínú agbo ilé kan tí a fi koríko bẹẹrẹ bò, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yí àgbàlá ká. Bàbá àgbà mi ti kú kí n tó gbọ́n. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀. Ìyálé ni àgbà nínú wọn, Ìyálé náà ni gbogbo wa sì ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ìyá Àgbà ni ìkejì. Àbúrò bàbá àgbà mi ni Baálé tó ń ṣàkóso ilé.

Ìyá Àgbà kò ga, kò sì sanra. Ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ọkùnrin tó ń roko. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ ọ̀tún dáadáa á rí i pé irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kò pé. Sítóòfù ló jó o.

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn ló gbé sítóòfù náà wálé nígbà ọdún Kérésì kan. Bàbá Rélùwéè là ń pè é. Mi ò rí irú rẹ̀ rí kó tó dé. Idẹ ni ara rẹ̀, ó ń dán. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Inú ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń rọ kẹrosíìnì sí, ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ sí i, ìdè kékeré kan sì wà tí wọ́n ń tú tí wọ́n bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà jáde, kí iná lè kú. Tó bá ń jó, ó ń dún ṣọ̀ọ̀ bí òjò tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, iná rẹ̀ sì dúdú bí aró. Bàbá Rélùwéè tàn án lójú gbogbo wa. Ó da sípíríìtì díẹ̀ sínú ife tó wà lábẹ́ orí rẹ̀, ó ṣá iná sí i, ó dúró kí orí náà gbóná dáadáa, kí ó tó ti ìdè, kí ó sì máa fún afẹ́fẹ́ sí i. Ilé pariwo. Baálé ní òun ò ní jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá sè lórí rẹ̀, pé kò lè dùn, iná tí kò lẹ́èéfín.

Nígbà tí Bàbá Rélùwéè padà síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan án àfi Ìyá Àgbà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá a tàn, kò dúró kí orí rẹ̀ gbóná. Bó ṣe fún afẹ́fẹ́ sí i, kẹrosíìnì tútù ló tú jáde, iná sì gbá a mú, ó ga kọjá orí wa. Gbogbo wa sá. Òun kò sá. Ó na ọwọ́ sábẹ́ iná náà, ó tú ìdè, afẹ́fẹ́ jáde fùú, iná náà wálẹ̀, ó sì kú. Nígbà tá a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó ń nu ojú, òórùn irun tó jó sì wà nílé. Ìyálé ní kí wọ́n gbé nǹkan náà jù sí ààtàn. Ìyá Àgbà mi orí.

Ó ní, "Orí rẹ̀ kò tíì gbóná, mo sì ti ń fún un. Ìkánjú tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nǹkan kì í bà á lẹ́rù pẹ́. Tó bá ti rí ibi tí òun ti ṣì í ṣe, ó tán. Kò sì fẹ́ràn kí èèyàn máa bú irinṣẹ́.

Ó mọ iná sítóòfù náà débi pé ó lè wà nínú àgbàlá kó gbọ́ ìró rẹ̀, kó ní, "Ẹnu rẹ̀ ti dí." Yóò wá mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó bá a wá, yóò fi gún ihò orí rẹ̀, ìró náà yóò sì mọ́. Tí iná bá pọ́n, tí kò dúdú bí aró mọ́, kò ní gbé ìkòkò kà á. Ó ní iná tó bá pọ́n kì í jóná tán, èérí ló ń gbé sábẹ́ ìkòkò, ó sì ń jẹ kẹrosíìnì lásán. Nígbà náà, ogun òyìnbó ń lọ lọ́wọ́, kẹrosíìnì sì ti di ọ̀wọ́n. Iná igi la fi ń se oúnjẹ jù lọ, lórí àdògán tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá jẹ́ kánkán, tàbí tí igi bá tutù, sítóòfù ni.

Kì í jẹ́ kí iná tóbi ju ìdí ìkòkò lọ. Èmi nígbà náà fẹ́ràn kí iná máa ga, mo rò pé bó bá ṣe ga tó ni ọbẹ̀ á ṣe yá tó. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìkòkò irin kékeré kaná, mo fún afẹ́fẹ́ sí i títí iná fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo, ó ń lá etí ìkòkò. Ìyá Àgbà kọjá lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó wò mí, ó wo ògiri, ó tún wò mí.

Ó ní, "Ọbẹ̀ lò ń sè ni, àbí ògiri?"

Ìkòkò amọ̀ ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Ìyálé. Ìyálé ní ìkòkò amọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ìdí rẹ̀ rí roboto, bí ti gbogbo ìkòkò amọ̀. Ó gbé e ka sítóòfù fúnra rẹ̀, ó bu ẹ̀wà sí i. Ìyá Àgbà sọ fún un pé ìdí roboto kò ní dúró lórí irin mẹ́ta yẹn, àti pé ojú kan ni iná náà ń gbá, amọ̀ kò ní lè gbà á. Ìyálé ní òun ti ń se ẹ̀wà kí wọ́n tó gbé Ìyá Àgbà wọlé. Kò pẹ́, ìkòkò náà sán pàá, ẹ̀wà bo sítóòfù, iná sì kú. Ìyálé dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Nǹkan ọmọ ẹ ló fọ́ ìkòkò ìyá mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyálé."

"Má bá mi pẹ̀lẹ́. Ṣe ni inú ẹ ń dùn."

"Inú mi ò dùn. Ẹ̀wà wà ní ihò sítóòfù, èmi ni mo sì máa yọ ọ́."

Ó jókòó, ó yọ ọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ìkòkò onírin tó ní ìdí pẹrẹsẹ nìkan ló máa ń gbé ka orí rẹ̀, yóò sì mì í wò kó tó fọwọ́ sílẹ̀. Tí ìkòkò náà bá ní ọwọ́, yóò yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ògiri, kí aṣọ ẹni tó ń kọjá má bàa kọ́ ọ. Ìyálé ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi í léèrè, pẹ̀lú ohùn ẹ̀gàn, pé ta ló fẹ́ kọjá.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ni. Ẹ kì í wolẹ̀ tí ẹ bá ń rìn."

Ìjà kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ń dín àkàrà fún àwọn àlejò. Ẹnìkan pè é lẹ́yìn, ó yíjú láti dáhùn, epo gbóná jù, iná sì mú epo nínú agbada. Ìyálé ló wà nítòsí jù. Ó gbé igbá omi, ó ń sáré bọ̀ láti dà á sí i. Ìyá Àgbà fi apá gbá igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo omi sì dà sí Ìyálé lára láti àyà dé ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ti tú ìdè sítóòfù, ó gbé ọmọrí irin ńlá kan, ó rọra tì í bo agbada náà láti ẹ̀gbẹ́. Iná kú sábẹ́ rẹ̀. Kò ṣí i títí epo fi tutù. Aṣọ òfì tuntun ló wà lára Ìyálé lọ́jọ́ náà, láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti rà á fún un.

Ó sunkún. Ó ní, "O da omi sí mi lára lójú àlejò! Nítorí àkàrà!"

Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn àkàrà tó ti ṣubú. Ó ní, "Tí omi yẹn bá kan epo, ojú wa méjèèjì ni ìbá tú sí. Ẹ máa bínú sí mi. Ojú tí ẹ fi ń wò mí ṣì ń ríran."

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí Ìyálé bá fẹ́ iyọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ló máa rán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Kì í ṣe pé Ìyá Àgbà kò ní ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan wá kí wa láti Àgọ́-Àrẹ lọ́jọ́ kan, ebi ń pa á. Kẹrosíìnì tán nínú sítóòfù nígbà tí ọbẹ̀ ku díẹ̀ kó hó. Bàbá náà ní kí ó tètè rọ òmíràn sí i. Ìyá Àgbà ní rárá, ó ní láti tutù kí òun tó ṣí ìdérí rẹ̀, agolo kẹrosíìnì náà sì wà nínú ilé kejì, kì í gbé e súnmọ́ iná.

Bàbá náà ní, "Tí sítóòfù bá tutù, ṣé ebi mi náà á tutù?"

"Ẹ̀kọ àná wà nínú igbá yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ti tutù tẹ́lẹ̀."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jẹ ẹ̀kọ náà tán.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ti ọmọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí sítóòfù dé, ìyàwó Bàbá Rélùwéè wálé láti bímọ. Ìyàwó Ìbàdàn la máa ń pè é. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ìgbà ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku, ètè gbogbo wa bó. Ó bí ọkùnrin láìsí wàhálà. Ní ilé wa, wọn kì í jẹ́ kí òtútù mú ìyá ọmọ. Iná máa ń wà nínú yàrá rẹ̀ tọ̀sán tòru, wọ́n sì ń fi omi gbóná wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ rí ìta títí di ọjọ́ tí wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ náà ni àgbà obìnrin kan á gbé e jáde lábẹ́ eteetí òrùlé, Baálé á da omi sórí koríko, omi á sì kán sí ọmọ lára bó ṣe ń jáde. Tó bá ké, ilé á hó fún ayọ̀. Ìyá tó bí bàbá ọmọ ló máa ń gbé e jáde nílé wa. Nítorí náà, Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ti ń múra fún un. Ó fọ aṣọ funfun kan, ó ká a sínú àpótí.

Ó mú mi lọ sí Àgọ́-Àrẹ láti ra iṣu fún ìnáwó ọjọ́ náà. A sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a sì gbéra padà ní kùtùkùtù. Nígbà tá a wọ ilé, oòrùn ti yọ ṣùgbọ́n kò tíì lágbára, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó dẹ etí.

"Ta ló tan sítóòfù?"

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ, mo rí i pé ìró náà kò wá láti ẹ̀yìn ilé. Ó jìnnà, ó sì wúwo, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó.

Ìyálé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀já di orí. Ó ní, "O káàbọ̀. Má pariwo, ìyá ọmọ ń sùn."

"Ta ló gbé sítóòfù sínú yàrá?"

"Èmi ni. Iná igi ń fi èéfín sí ọmọ lójú, ó ń sín. Ìwọ náà lo ń sọ káàkiri pé iná yìí kò lẹ́èéfín."

"Kí ló ṣe yín lórí?"

"Ọyẹ́ ni. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì kàn ń dà mí lórí rú, mo bá jáde."

Ìyá Àgbà ju ẹrù iṣu sílẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ta ẹní sí i, wọ́n sì fi àkísà di abẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù má bàa wọlé. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ó fa ẹní náà ya, ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ooru kọlù wá. Kò sí èéfín kankan, gbogbo nǹkan mọ́ kedere. Sítóòfù wà láàárín ilé, iná rẹ̀ ti pọ́n. Ìyàwó Ìbàdàn na gbọọrọ lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ là. Ìyá Àgbà pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó gbé ọmọ náà, ọrùn ọmọ sì yẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyálé ti dìde nígbà tó rí ohun tí Ìyá Àgbà gbé lọ́wọ́. Ó dúró sójú ọ̀nà tó lọ sí àgbàlá, ó na apá méjèèjì.

"Níbo? Níbo lò ń gbé e lọ? A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ!"

"Ẹ kúrò lọ́nà, Ìyálé."

"Ìta ni yìí! Ọyẹ́ ni yìí!"

"Tó bá kú sínú ilé, orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Ó fi èjìká tì í, ó kọjá. Ó lọ dúró ní àárín àgbàlá, níbi tí kò sí òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. Ó yíjú ọmọ náà sí afẹ́fẹ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ké sí mi pé kí n wọlé lọ fa ìyá rẹ̀ jáde, kí n má mí púpọ̀ níbẹ̀, kí n má pẹ́. Mo di igun ẹní tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú, mo fà á, kò sún síwájú. Lẹ́yìn náà ẹnìkan di igun kejì mú. Ìyálé ni. A fà á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ìta.

Ọmọ náà sín. Ó tún sín. Ó wá ké, igbe rẹ̀ kò lágbára, bí ti ológbò kékeré, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ìyàwó Ìbàdàn bì, ó la ojú, ó ní orí òun ń fọ́, ó ní ọmọ òun ńkọ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, tó padà wọlé lọ pa sítóòfù.

Nírọ̀lẹ́, Baálé pè é síwájú àwọn àgbà ilé. Èmi wà lẹ́yìn òpó, mo ń gbọ́.

Baálé ní, "Ìyá Àkànní, ṣé o mọ̀ pé ọmọ kì í rí ìta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé nílé yìí?" Àkànní ni bàbá mi.

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

"Ẹnìkan ló rán ẹ?"

"Rárá o. Iná yẹn ń mí, bí a ṣe ń mí. Tí ilẹ̀kùn bá tì, afẹ́fẹ́ kan náà ni òun àti ẹni tó wà níbẹ̀ jọ ń pín. Kò ní fi èéfín kìlọ̀ fún yín."

"Sítóòfù ló wá ń mí báyìí?" Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. "Lọ́la, á ní kí a wá fún òun ní oúnjẹ."

"Ẹ tan fìtílà, ọkọ mi, ẹ fi ìkòkò dé e mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó bóyá á máa jó."

Baálé ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ fìtílà ni wọ́n pe ara wọn sí. Ó ní wọ́n ti fi ọmọ náà han afẹ́fẹ́ àti oòrùn láìní orúkọ, ta ló mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ní tí nǹkan bá ṣe ọmọ náà, ọrùn Ìyá Àgbà ló wà. Ó sì ní nítorí pé ó ti gbé e jáde nígbà tó wù ú, kò ní gbé e jáde lọ́jọ́ ìkómọjáde. Ìyálé ni yóò gbé e.

Mo retí kí ó jà. Kò jà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní, "Kò burú. Ẹ sáà má jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́."

Lẹ́yìn náà, èmi àti òun jọ ń ṣa iṣu tó fọ́nká. Ó wá sọ fún mi pé ní ọyẹ́ tó kọjá, afẹ́fẹ́ ń pa iná sítóòfù, òun bá gbé e wọ inú ìyẹ̀wù, òun ti ilẹ̀kùn. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun, iná náà sì pọ́n. Òun bì lẹ́yìn ilé. Nígbà tí òun ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ lọ. Òun kò tún ti ilẹ̀kùn mọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí Ìyálé kì í bá òun sọ̀rọ̀ nígbà náà, òun sì rò pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó gbé iṣu kan tó ti dá sí méjì, ó wò ó. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni àgara tí wọ́n ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà sílé onílé láti bi wọ́n bóyá ilẹ̀kùn wọn ṣí. Ẹni tó bá pàdé lọ́nà odò, á kí i tán, á bi í nípa iná. Kò bìkítà tí wọ́n bá ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu mi yìí, tó bá rí i pé mo fẹ́ sọ nǹkan tí mo sì gbé e mì, á dúró títí màá fi sọ ọ́.

Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, kò sùn dáadáa. Tí ọmọ bá sín, á dìde. Tí ara ọmọ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, á máa wo ojú Baálé. Ó mọ̀ pé bí ikọ́ lásán bá mú un, òun ni wọ́n á pè. Ikọ́ kò mú un. Ó ń mu ọmú, ó ń ké bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ náà, àlejò kún àgbàlá. Baálé wọ aṣọ ńlá, ó dúró lábẹ́ eteetí òrùlé pẹ̀lú igbá omi. Ìyálé wọ òfì rẹ̀ tó ti gbẹ. Ìyá Àgbà kò wá síwájú ilé. Ó wà lẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà kọjá, ó ń dín àkàrà fún àwọn èèyàn lórí sítóòfù. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo gbé àwo tí wọ́n máa kó nǹkan ìsọmọlórúkọ sí.

Ìyálé wọlé, ó na ọwọ́. "Gbé ọmọ wá."

Ìyàwó Ìbàdàn kò nà án sí i. Ó fọwọ́ gbá ọmọ náà mọ́ra.

"Ìyàwó, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ má bínú." Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ìyàwó kékeré ni, kò tíì lẹ́nu nílé wa.

Baálé ké láti ìta. "Kí ló ń dá yín dúró? Ṣé kí n máa gbé omi yìí di ọ̀la ni?"

Ìyálé dáhùn pé, "Ìyàwó ò gbé ọmọ fún mi."

Baálé ní, "Ta ló wá fẹ́ gbé e fún?"

Ìyàwó Ìbàdàn kò gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ẹni tó gbé e jáde nígbà tí kò mí. Tí kì í bá ṣe àwọn ló gbé e, a ò ní jáde."

Mo wo Ìyálé. Mo rò pé yóò bú u. Ó wo ibi tó gbé sítóòfù sí lọ́jọ́ yẹn, níbi tí ilẹ̀ ṣì dúdú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Lọ pe orogún mi wá."

Baálé gbọ́ ọ. Ó kàn gbé igbá omi náà láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Epo ń hó nínú agbada, iná dúdú bí aró lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kó wá gbé ọmọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo tún un sọ. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti iwájú ilé, Baálé náà sì dá sí i, ó ní, "Ìyá Àkànní! Ó yá o! Ọwọ́ ń ro mí!"

Omi dé ojú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. N ó kọ́kọ́ pa iná."